Orúkọ Ẹlòmíràn Ni Mo Ń Jẹ́ ní Olódì

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà mi, ẹ kú àdúrà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà yìí. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, kí ẹ sọ fún wọn pé mo gbọ́ nípa orúnkún wọn tó ń dùn wọ́n, Ọlọ́run á fi àlàáfíà sí i. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi Ràfíù, torí mo mọ̀ pé òun ni yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Kó rọra kà á, kó má fo ibì kankan. Ẹ kí Sàká àti ìyàwó rẹ̀. Ẹ kí gbogbo ará agboolé wa ní Ìsẹ́yìn, tọmọdé tàgbà, títí kan àwọn tó ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn.

Tìtorí wọn gan-an ni mo ṣe ní kí wọ́n bá mi tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, kó má baà jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbọ́ ọ. Mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní Ràmátù ti pa orúkọ dà ní Èkó, ó ti fi ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó ti rí ìyá mìíràn, kò mọ ìyá tó bí i mọ́. Ọjọ́ tí ẹ pè mí lórí fóònù ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohùn ìyá àgbàlagbà kan lẹ́yìn mi tó ń bi mí pé, "Àjọkẹ́, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Ẹ sì gbọ́ èsì tí mo fún wọn. Mo ní oníbàárà mi kan ni, mo sì pa fóònù. Láti ọjọ́ náà ẹ kò pè mí mọ́, èmi náà kò sì ní ojú tí mo lè fi pè yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín.

Ẹ mọ̀ pé irun dídì ni mo bá dé Ajégúnlẹ̀ lẹ́yìn tí ilé ọkọ tú mọ́ mi lórí. Mo gba yàrá kan nínú ilé tí Ìgbò, Ìjọ́ àti Yorùbá ti jọ ń to ike omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Bí òjò bá rọ̀, omi á bá wa wọlé, a ó kó ẹrù wa sórí bẹ́ẹ̀dì, a ó sì jókòó tì í, a ó máa retí kó fà. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, eruku àwọn tírélà tó ń lọ sí Wáàfù, èbúté ọkọ̀ òkun, á bo aṣọ tí a sá. Pìjìn ni gbogbo wa fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Ràmátù níbẹ̀. "Ìsẹ́yìn" ni wọ́n ń pè mí, bí ẹni pé èmi nìkan ni gbogbo ìlú. Ilé yẹn kún fọ́fọ́, síbẹ̀ mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni má bi mí bóyá mo sùn dáadáa.

Abẹ́ agboòrùn ńlá kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Olódì-Àpápá ni mo ti ń dirun. Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dèjì ti wá bá mi. Ẹgbẹ́ mi ni, ó máa ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní Wáàfù. Ó ní irun ìyá òun ti ta kókó, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ó ní bóyá wọ́n á gbà fún obìnrin. Mo kó ìyarun àti òróró mi, mo tẹ̀ lé e dé ilé wọn ní Olódì.

Mo bá Màmá, ìyá Dèjì, lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, aṣọ wọn mọ́, àmọ́ irun orí wọn rí wúruwùru. Mo kí wọn, wọn kò dáhùn. Mo bu òróró sí àtẹ́lẹwọ́, mo rọra ki ọwọ́ bọ inú irun náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ni mo bá gbọ́ tí wọ́n ní, "Àjọkẹ́, ọwọ́ rẹ ṣì tutù bẹ́ẹ̀?"

Mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí ẹnì kankan. Mo tú kókó mìíràn. Wọ́n tún béèrè, ohùn wọn ti ń gbọ̀n. Ìyá mi, kí ni ǹ bá ṣe? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì." Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n gbé orí lé mi lórí itan, wọ́n ní kí n di ṣùkú fún àwọn. Nígbà tí mo parí rẹ̀, wọ́n ní ebi ń pa àwọn. Dèjì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sáré gbé oúnjẹ wá. Ó ní ó ti pẹ́ tí Màmá ti fẹnu ara wọn béèrè oúnjẹ gbẹ̀yìn.

Ó sìn mí dé ọ̀nà, ó sì là á yé mi. Àjọkẹ́ ni oríkì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Fọlákẹ́, tó ti lọ sí ìlú òyìnbó láti ọjọ́ pípẹ́. Ìjà ni òun àti Màmá fi túká. Màmá kò fẹ́ ọkùnrin tó mú wálé, Fọlákẹ́ ní òun ni òun máa fẹ́, ó sì bá a lọ. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, kò ní ìwé ìgbélùú tó lè fi wálé. Nígbà tó rí ìwé, inú ń bí i. Ní báyìí, iyè Màmá ti ń ra, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dá Dèjì pàápàá mọ̀, Fọlákẹ́ nìkan ni wọ́n ń wá kiri. Dèjì bẹ̀ mí pé kí n kàn máa wá, kí n máa jẹ́ Àjọkẹ́ náà. Mo ní irọ́ nìyẹn. Ó ní òun mọ̀, àmọ́ òtítọ́ ti wà nílé láti ọjọ́ yìí, Màmá kò sì jẹun. Ó ní òun á máa sanwó iṣẹ́ mi. Owó náà ni mo ń fi ránṣẹ́ sí yín, mi ò ní fi pamọ́ fún yín.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo rò pé mo lè máa wọ̀ ọ́ bí aṣọ iṣẹ́, kí n bọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ wa níbí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan wà nínú ilé wa ní Ajégúnlẹ̀, àràárọ̀ ló ń so táì mọ́rùn, tó ń dágbére pé òun ń lọ sí ọ́fíìsì ní Àpápá. Alábàárù ni. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀, òun náà ló sì ń lọ ẹ̀wù náà fún un. Ìyẹn ń gbé e ró, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára, torí bó bá ti wọlé, á bọ́ táì, á padà di ara rẹ̀. Tèmi kọ̀, kò bọ́ mọ́. Bí mo bá ti kúrò nílé, Màmá á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn kò ní jẹ, wọn kò ní mu, wọ́n á máa bi gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé ṣé wọ́n rí Àjọkẹ́. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ di ojoojúmọ́. Nígbà tó yá, mo kó àpò mi wá sínú yàrá ẹ̀yìn. Agboòrùn mi ti di ti ẹlòmíràn, àwọn oníbàárà mi ti mọ ojú ọ̀nà ibòmíràn.

Mo kọ́ bí Fọlákẹ́ ṣe ń rìn àti bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Aṣọ tó fi sílẹ̀ nínú àpótí ni mo ń wọ̀, torí Màmá mọ̀ wọ́n. Fọlákẹ́ kì í jẹ ilá, èmi tí ẹ máa ń bá wí pé mo fẹ́ràn ilá jù, mi ò fi ẹnu kàn án nínú ilé náà. Kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ sì gbọ́: mi ò fi ẹ̀sìn mi sílẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ni mo ti ń kírun. Ní ọ̀sán kan, Màmá ṣílẹ̀kùn bá mi níbi tí mo ti forí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Àjọkẹ́, kí lo sọ nù?" Nígbà tí mo sálámà tán, mo ní yẹtí mi ni. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú mi, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń ro wọ́n yẹn, àwa méjèèjì ń fọwọ́ pa ilẹ̀ kiri, à ń wá yẹtí tí kò sí. Wọn kò gbà kí n dìde títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rín ń gbọ̀n mí, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Ohun tó ká mi mọ́ pátápátá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Màmá ń wo ojú fèrèsé láti àárọ̀. Lójijì, ojú wọn le, wọ́n bi mí pé ṣé mo wá tọrọ àforíjì ni àbí mo kàn wá jẹun. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí Fọlákẹ́ bá lọ ni. Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ nítorí ọkọ tí mi ò fẹ́, nítorí ilé tí mi ò bínú jáde níbẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n bí mo ṣe máa bẹ ẹ̀yin tí mo bá ṣẹ̀ yín. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì ọ́. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́."

Ìyá mi, mo dà bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù ẹlẹ́rù fún ní Wáàfù, tí kò lè gbé e lọ, tí kò sì lè sọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kí Dèjì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, pé Màmá ti dárí jì í. Ó pè é. Fọlákẹ́ gbọ́, ó gbé fóònù sílẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà, ó kàn dé pẹ̀lú àpótí rẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Ó fi díẹ̀ dàgbà jù mí lọ, ewú ti yọ lẹ́bàá etí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú àga Màmá, ó ní, "Mọ́mì, èmi ni. Fọlákẹ́." Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ bí a ti ń rẹ́rìn-ín sí àlejò, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Àjọkẹ́, fún ìyá yìí lómi mu."

Èmi ni mo gbé omi náà wá. Fọlákẹ́ kò gbà á. Ó tẹ̀ lé mi dé ilé ìdáná, ó ní kí n bọ́ aṣọ òun. Ó ní tí ènìyàn bá jí owó, ó lè dá a padà, báwo ni mo ṣe máa dá èyí padà. Mo bọ́ aṣọ náà, mo wọ tèmi, mo gbé àpò mi jáde. Mi ò tíì rí kẹ̀kẹ́ wọ̀ tí Dèjì fi sáré bá mi. Ó ní Màmá ń pariwo olè, wọ́n ní obìnrin kan wọlé wá, ó lé ọmọ àwọn jáde. Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi nígbà tí mo padà. Ojú rẹ̀ ti wú.

Dèjì wá sọ fún Màmá pé kí wọ́n má bẹ̀rù, ẹni tó máa máa ran Àjọkẹ́ lọ́wọ́ nínú ilé ni. Màmá ní kí lorúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti ro ìyẹn. Fọlákẹ́ wò mí, ó ní, "Ràmátù ni, mà." Orúkọ tí bàbá mi sọ mí lójú gbogbo mùsùlùmí ló mú báyìí láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi náà kò béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe jọ gbé inú ilé náà nìyẹn, tí olúkúlùkù ń dáhùn sí orúkọ ẹnì kejì. Iṣẹ́ tí Fọlákẹ́ ń ṣe nílùú òyìnbó ni kó máa wẹ àwọn àgbàlagbà, kó máa bọ́ wọn, kó máa pààrọ̀ aṣọ fún wọn. Ó sọ fún mi pé òun ti wẹ ìyá oníyàá débi pé òun kì í wo ojú wọn mọ́. Màmá wá ń gbà kí ó wẹ̀ wọ́n, nítorí wọ́n rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó ń fi kànrìnkàn rọra fọ ẹ̀yìn wọn lọ́jọ́ kan, èmi di igbá omi mú. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ní, "Ràmátù, ìyá tó bí ọ kò ní sunkún ọmọ. Ó tọ́ ọ, o sì gba ẹ̀kọ́." Fọlákẹ́ ní àmín. Ó nu ẹ̀yìn wọn gbẹ, ó wọṣọ fún wọn, kó tó lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ sunkún.

Ìyá mi, ẹ̀yin ni wọ́n ṣàdúrà yẹn fún. Ara wọn náà sì ni wọ́n ṣe é fún láìmọ̀.

Lẹ́yìn èyí, Fọlákẹ́ wá bá mi nílé ìdáná. Ó ní kí n sọ fún òun bí Màmá ṣe dárí ji òun. Mo sọ ọ́. Ó ní rárá, kí n ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é. Mo jókòó lórí àpótí ìdáná. Mo mú ojú mi le bíi ti Màmá, mo bi í pé ṣé ó wá tọrọ àforíjì ni àbí ó kàn wá jẹun. Ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ó ń sọ àwọn nǹkan tí èmi kò mọ̀ láti sọ nígbà tèmi: ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ tó ń lọ, ọkọ náà tó padà já a jù sílẹ̀, àwọn ìpè Màmá tí kò gbé. Nígbà tó parí, mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì ọ́. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́." Ó forí lé mi nítan, kò dìde. Mi ò mọ ẹni tí mo jẹ́ ní wákàtí yẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹrù náà dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, bí kì í bá sì í ṣe pé mo ti jẹ́ ẹni tí mi ò jẹ́, ibi tí ì bá gbà dé kò sí.

Ààyè tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ tán, ó ní láti padà. Ó ní òun kò mọ bí òun ṣe máa dágbére. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú Màmá, ó ní òun fẹ́ lọ kí ìyá òun ní Ìsẹ́yìn. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ tí ẹlòmíràn ń fi orúkọ mi tọrọ ààyè láti wá kí yín. Màmá ní ọmọ tó dáa kì í gbàgbé ilé. Wọ́n ní kí n ṣí àpótí, kí n mú ìró kan jáde, kí Ràmátù gbé e fún ìyá rẹ̀, kó sì sọ fún un pé kó wá kí àwọn. Fọlákẹ́ gba ìró náà. Nígbà tí mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó bẹ̀ mí pé kí n má fi Màmá sílẹ̀. Ó bẹ̀ mí bí ẹni tó mọ̀ pé ohun tí òun ń tọrọ ti pọ̀ jù.

Mo gbìyànjú láti wá ṣọdún Ìléyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Dèjì kò dí mi lọ́nà, ó wá aládùúgbò kan tó máa jókòó ti Màmá. Mo dé gáréèjì, mo ti sanwó ọkọ̀, mo ti wà lórí ìjókòó. Dèjì pè mí. Ó ní Màmá ti jáde, wọ́n ń lọ sí ọ̀nà tírélà, wọ́n ń pe Àjọkẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé, wọ́n gbá mi lẹ́nu, lẹ́yìn náà wọ́n dì mọ́ mi, wọn kò fi mí sílẹ̀. Láti ìgbà náà, wọ́n máa ń di etí ìró mi mú bí wọ́n bá ń sùn. Bí mo bá dìde, wọ́n á jí. Mi ò lè lọ, mi ò sì lè sọ ẹni tí mo jẹ́. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún tó máa rántí rẹ̀ lọ́la?

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ̀yin wá. Sàká tó mọ Èkó dáadáa á mú yín dé Olódì. Ìró yín wà níbí, mo ti ká a pamọ́ dè yín. Tí ẹ bá wọlé, ẹ sọ pé ẹ̀yin ni ìyá Ràmátù. Kì í ṣe irọ́. Màmá á bi yín léèrè ọmọ yín, ẹ ní ó wà dáadáa. Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ṣe àmín. Èmi á kúnlẹ̀ kí yín bí ẹni tí kò rí yín rí, màá gbé omi fún yín. Ẹ má wò mí pẹ́, kí ẹkún má baà gbọ̀n mí. Bí ẹ bá ti fẹ́ máa lọ, màá sọ fún Màmá pé mo fẹ́ sin àlejò wa dé ìta, kò ní pẹ́. Níbẹ̀, níbi tí ariwo tírélà kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé gbọ́ wa, ẹ fi oríkì mi pè mí, ẹ ní Àṣàkẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré náà tó mi.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, oúnjẹ náà ò ní sá yín lẹ́nu. Ẹ kí ará ilé, ẹ kí ará òde, ẹ kí àwọn tó bú mi àti àwọn tó gbèjà mi. Ẹ gbàdúrà fún Màmá náà, ẹ kúkú ti jọ di ìyá.

Èmi ni, ọmọ yín,
Ràmátù Àṣàkẹ́.